Gọ́ọ̀mù Lára Fèrèsé Màmá

Télọ̀ kì í rí ihò kó má dí i. Bí aṣọ bá ya, á rán an. Bí bọ́tìnnì bá já, á kàn án padà. Kódà bí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni bá lu níbi ìjókòó, tí onítọ̀hún sì ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ lójú títì, Télọ̀ á dìde nídìí ẹ̀rọ, á pè é wọlé, á ní kó lọ bọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó di ẹ̀sín. Ìwà rere ni. A ò lè torí pé ó kó bá wọn nílé ká wá pè é ní ìwà burúkú. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe aṣọ, ohun tí Télọ̀ kò sì tètè mọ̀ nìyẹn.

Ilé wọn kò tóbi, ó kàn mọ níwọ̀n ara rẹ̀ ni. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Ẹ̀yìn ni ilé ìdáná, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí fún gbogbo àdúgbò, òun ló fi ń jẹ́ Oníkéèkì. Yàrá ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì ni Màmá, ìyá Télọ̀, ń gbé. Láti ìgbà tí orúnkún ti ní kí Màmá jókòó, fèrèsé yàrá náà ló di ẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀, á fa gíláàsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa kí àwọn tó ń kọjá. Ó mọ ọmọ iléèwé tí kò bọ́jú. Ó mọ ìgbà tí ẹ̀yìn ń dun bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lódìkejì títì kì í lọ síbi iṣẹ́ láìdúró kí Màmá kọ́kọ́ bá a wí pé kì í sinmi. Ẹni tí kò bá sì rí Màmá lójú fèrèsé láàárọ̀, á kanlẹ̀kùn, á béèrè pé ṣé kò sí o.

Àwọn aládùúgbò kan ti retí ìjà ìyàwó àti ìyá ọkọ nínú ilé yìí títí, ó ti sú wọn. Ìjà kò wáyé. Ìyá tó bí Oníkéèkì kú kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ, tó kúnlẹ̀, tó ní, "Màmá," tí obìnrin yìí sì dáhùn pé, "Oo, ọmọ mi," ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pe orúkọ yẹn láyé rẹ̀ tí ẹnì kan jẹ́ ẹ. Kò gbàgbé. Bó bá po áísìn tó fi ń ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bó bá rẹ̀ ẹ́, etí bẹ́ẹ̀dì Màmá ló máa ń lọ jókòó sí, àwọn méjèèjì á sì jọ máa fi àwọn tó ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún náà wá bẹ̀rẹ̀, omi rí ọ̀nà gbà wọlé. Kò pọ̀. Ní igun òkè fèrèsé Màmá, níbi tí férémù alumíníọ̀mù ti pàdé ògiri, sìmẹ́ńtì ti là díẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, omi á máa kán tó, tó, tó, sórí ìrọ̀rí.

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀," ni Télọ̀ wí. "Màá pa ẹnu ẹ̀ dé."

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà, ó ra gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń dí ojú omi, èyí tó máa ń wà nínú ike gígùn, tí wọ́n á ki sínú ìbọn onírin kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó gbé ìbọn náà wọ yàrá bí ọdẹ.

"Ta lo fẹ́ yìnbọn lù?" ni Màmá bi í.

"Omi ni, Màmá."

"Omi ò ní kú. Ṣọ́ra kó má lọ bà ọ́."

Télọ̀ ti ríṣẹ́. Ó fi gọ́ọ̀mù dí òkè fèrèsé, ó dí ọ̀tún, ó dí òsì. Ó dí ìsàlẹ̀ nínú, ó bọ́ síta lọ dí ìsàlẹ̀ lóde. Ó dí ihò ìṣó tí àwòrán fi ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Ó dí ihò kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kò sẹ́ni tó ti í rí. Bí ológbò bá sùn sítòsí, mo rò pé yóò dí ihò etí rẹ̀. Nísàlẹ̀ férémù lóde, ó rí ojú méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ ihò bọ́tìnnì tí kò ní bọ́tìnnì. Inú bí i sí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù sí wọn dáadáa, ó tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìgbà tó fi kan fèrèsé ilé ìdáná, gọ́ọ̀mù tán.

"Iṣẹ́ ti bùṣe," ó ní.

Òjò ńlá tó tẹ̀ lé e kò kán. Ó ṣàn ni. Láti ojú irin ìsàlẹ̀, níbi tí gíláàsì ń gbà lọ gbà bọ̀, omi kún, ó kún àkúnya, ó sì dà wálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni da omi ìwẹ̀. Wọ́n gbé Màmá lọ sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín aṣọ àwọn oníbàárà. Màmá ní òun ò tíì rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí ẹni tó yìn ín ló ń fara gbọgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sínú ilé, àmọ́ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀, àkọ́bí Màmá, yà wá kí wọn. Ọkùnrin yìí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan kó má fi "ó parí" dé e lórí, bí ẹni ń fi ọmọrí dé ìkòkò. Oníkéèkì ti sọ ọ́ ní Bọ̀dá Ó-Parí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, láàárín òun àti Màmá ṣá o, kì í ṣe lójú rẹ̀. Ó-Parí wọ yàrá, ó kí ìyá rẹ̀, kò wo ẹ̀yìn kó tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dìde fìrì. Omi ti wọ ṣòkòtò rẹ̀ dé itan.

"Ṣé inú odò lẹ fi ìyá wa sí ni?"

"Bọ̀dá mi, mò ń tún un ṣe lọ́wọ́," ni Télọ̀ dáhùn. "Ẹ bọ́ ṣòkòtò yẹn kí n bá yín lọ̀ ọ́."

"Mi ò bọ́ ṣòkòtò! Ò ń tún un ṣe, ó ń bàjẹ́ sí i." Ó yíjú sí Oníkéèkì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, mi ò bínú sẹ́nikẹ́ni o. Ẹ ń tọ́jú Màmá, mo mọ̀. Àmọ́ bí òtútù bá mú arúgbó, èmi àkọ́bí ni ayé máa bi. Wọ́n á ní mo ní ilé, mo jẹ́ kí ìyá mi sùn nínú omi. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, mò ń gbé mọ́tò bọ̀. Bí mo bá bá omi nínú yàrá yìí, Màmá ń bá mi lọ. Ó parí."

Ilé Ó-Parí dára, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Àmọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, ilẹ̀ á mọ́ gbogbo wọn á jáde, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Fèrèsé yàrá tí wọ́n fẹ́ fún Màmá sì kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá, àfi aláǹgbá.

Ó-Parí bá tirẹ̀ lọ. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Màmá tó pe Oníkéèkì.

"Ìyàwó mi, bá mi gbé àpò mi sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wò ó bóyá síìpù ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Síìpù náà ń ṣiṣẹ́. Oníkéèkì fà á lọ, ó fà á bọ̀, ó ní, "Ó dáa, Màmá," ó sì rìn lọ sí ilé ìdáná, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Kò fẹ́ kí Màmá lọ. Kò fẹ́ ẹ rárá. Ìyá kan ti fi í sílẹ̀ nígbà tí kò lè sọ pé kó má lọ. Èyí tó wá rí ní àgbà, òjò lásán ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Télọ̀ náà kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ, àmọ́ ọgbọ́n kan ṣoṣo ló wà lápò rẹ̀. Ó tún ra gọ́ọ̀mù. Ó tún rọ́ ọ lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó nípọn bí ètè ẹni tí oyin ta. Kó tó di àárín ọ̀sẹ̀, tuntun ti ń ṣí kúrò lórí ògbólógbòó, ẹ lè fi ìka kan fà á kí gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé yín bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Oníkéèkì ní kéèkì nínú ààrò, kò lè kúrò nílé ìdáná. Ó ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń pe Télọ̀ pé kó gbé abọ́ wá, omi ti tún dé. Inú ń bí i, ó ń wá ẹni tó máa bá jà, kò rí, ló bá kọjú sí fèrèsé iwájú rẹ̀ kó lè fojú bá òjò jà. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé fèrèsé ilé ìdáná gbẹ. Òjò kan náà ló ń nà án. Ọwọ́ ẹnì kan náà ló ri gbogbo fèrèsé ilé yẹn mọ́ ògiri, lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí gọ́ọ̀mù kò kàn, tí ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ bà rárá, òun nìkan ni kò jò.

Ó gbé òfìfo páànù kéèkì lé orí, ó bọ́ sínú òjò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná, ó wo ìsàlẹ̀ férémù. Ojú méjì tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, omi ń gba inú wọn jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí ògiri, ó ń lọ sílẹ̀. Ó fi ìka dí ọ̀kan wò. Nínú ojú irin tí gíláàsì ń gbà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè. Ó yọ ìka, omi sá jáde.

Ó wá yé e. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fa gíláàsì pọ̀ tó tí òjò ò ní rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà wọ ojú irin yẹn. Ẹni tó ṣe férémù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe lu ihò sí i nísàlẹ̀, kí omi tó bá wọlé lè mọ ọ̀nà ìta. Oníkéèkì sáré yí ilé po dé ẹ̀yìn fèrèsé Màmá. Ó wo ìsàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun, méjì, mìnìjọ̀, àmì àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ sì hàn gbangba lórí wọn.

Ó dúró nínú òjò pẹ̀lú páànù lórí, ó bú sẹ́rìn-ín. Màmá rí i láti inú.

"Ìyàwó mi! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Màmá! Ẹ má tíì di àpò!"

Kéèkì tó wà nínú ààrò jó lápá kan lọ́jọ́ náà. Kò ká a lára, ó gé apá yẹn sọnù. Ohun tó le níwájú rẹ̀ ni bó ṣe máa sọ ọ́ fún Télọ̀, nítorí kò sí ohun tó ń dun oníṣẹ́ bíi kí wọ́n ní kó tú iṣẹ́ rẹ̀. Bó ti rò ó náà ló rí.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa," ni Télọ̀ wí, ó bọ́ awò ojú. "Fèrèsé ń jò. Bọ̀dá ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Ìwọ wá fẹ́ lu ihò sí i."

"Mi ò fẹ́ lu nǹkan kan. Èyí tí ẹ dí ni mo fẹ́ ṣí."

"Kí omi lè ríbi wọlé dáadáa?"

"Kó lè ríbi jáde ni, ọkọ mi. Òkè ló yẹ ká dí, níbi tí ògiri ti là. Ẹ sì dí i lóòótọ́, orí eruku lẹ wá fi gọ́ọ̀mù lé, kò dì mọ́ nǹkan kan."

"Gọ́ọ̀mù tí mo fowó rà!"

Oníkéèkì fa àga kan, ó jókòó. Kò pariwo. Ó ti bá ọkùnrin yìí gbé pẹ́, ó mọ ibi tí etí rẹ̀ wà.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, tí télọ̀ mìíràn ti rán an wọ́, ṣé ẹ máa ń rán òmíràn lé e lórí ni?"

Télọ̀ mú ẹfun ìlàṣọ, ó fi sílẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wo ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, níbi tí àpò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Rárá o," ó ní nígbẹ̀yìn. "Màá kọ́kọ́ tú u ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbé abẹ yín, ká lọ tú fèrèsé."

Oòrùn ràn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ààrò pa, wọ́n dojú kọ iṣẹ́. Abẹ tí Télọ̀ fi ń tú ojú rírán ló fi ń gé gọ́ọ̀mù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kó tó fà á. Ẹ sì jẹ́ ká fún ẹni tí ọlá tọ́ sí lọ́lá: kò sẹ́ni tó mọ nǹkan tú ju télọ̀ lọ. Kò ha ògiri, kò ha férémù. Ohun gbogbo tó fi ìbínú lẹ̀ mọ́bẹ̀ ló fi sùúrù ká kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, eruku àtijọ́ wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Oníkéèkì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún, ó tún fi sípíríìtì nù ún, ó ní kí oòrùn bá wọn gbẹ ẹ́ dáadáa.

"Gbogbo wàhálà yìí, ṣé ó pọn dandan?" ni Télọ̀ béèrè.

"Bí mo bá fi áísìn sórí kéèkì tí èérún wà lára ẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ṣe ló máa ń ṣí dànù? Nǹkan kan náà ni."

Nígbà tí ojú ibẹ̀ gbẹ, ó lẹ téèpù bébà sí òkè ìlà tó fẹ́ fà, ó lẹ òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gé ẹnu ike gọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́, kékeré báyìí. Télọ̀ ti gé tirẹ̀ gbàgà nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ló gun àga, ó gbé ìbọn, ó mí kanlẹ̀. Ọwọ́ tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sórí kéèkì, tó ń fi áísìn ṣe òdòdó tí àwọn ènìyàn ń káàánú láti jẹ, ọwọ́ náà ló fi tẹ ìbọn yẹn. Kò dúró lójú ọ̀nà, kò yára, kò lọ́ra. Láti igun kan dé igun kejì, gọ́ọ̀mù jáde ní ìlà kan gbọọrọ, ó wọ ojú ibi tó là náà lọ. Ó ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bẹ́ẹ̀, ó ṣe òsì. Ó ki ìka bọ omi ọṣẹ, ó fi tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ká téèpù kúrò kó tó gbẹ.

Télọ̀ ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ó gbàgbé láti pa ẹnu dé. Ó ti ń jẹ kéèkì obìnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kò tíì wo ọwọ́ rẹ̀ báyìí rí. Orí rẹ̀ wú.

"Ẹ̀rọ mi ò lè fa ìlà tó gún tó èyí," ó ní.

"Ó ku ti ìsàlẹ̀," ni Oníkéèkì dáhùn. "Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é."

Télọ̀ kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán àpò. Ó ki í bọ inú gọ́ọ̀mù tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọlé, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ihò kìíní ṣe là báyìí, gbogbo omi òjò àná tó há sínú irin tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà sí i láyà. Màmá tó ń ṣọ́ wọn láti inú rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Èmi ni mo dí i," ni Télọ̀ wí, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣí i," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un.

Gọ́ọ̀mù ò ní gbẹ kíákíá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Màmá ní òun ni ọlọ́dẹ rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lé itan, ó lé adìyẹ, ó lé ológbò, ó ní kí ọmọ iléèwé gba òdìkejì títì. Nígbà tí bàbá oníbúrẹ́dì dúró láti kí i pé ó dìgbà, nítorí ó ti gbọ́ pé Màmá ń kó lọ, Màmá ní kó má mí sí gọ́ọ̀mù náà o. Bàbá náà fi ọwọ́ bo imú, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ kò dùn.

Sọ́ńdè dé. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí àmì òjò. Ó-Parí gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú ilé, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹrù. Ó wọ yàrá, ó fi ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì lákọ̀ọ́kọ́, ó ti kọ́gbọ́n. Ó gbẹ.

"Ó gbẹ torí òjò ò rọ̀," ó ní. "Bí mo bá yíjú báyìí, á rọ̀. Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ni Oníkéèkì wí, ó kúnlẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ so hóòsì mọ́ ẹ̀rọ omi, ẹ fi rọ òjò tiyín. Bí ẹ̀kán kan bá wọlé, èmi ni màá gbé àpò Màmá sínú mọ́tò."

Ó-Parí wò ó. Ó ká ọwọ́ aṣọ. Màmá ní òun ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ẹ̀yìn ti fèrèsé gan-an, ó ní bí omi bá wọlé, kó kọ́kọ́ bá òun. Télọ̀ dúró tì í, ó di ìrọ̀rí mú bí ẹni di ọmọ mú. Ní ìta, Ó-Parí tú hóòsì. Kò ṣojúsàájú rárá. Ó fi omi na òkè, ó fi na ẹ̀gbẹ́, ó fi na gíláàsì ní ọ̀ọ́kán. Oníkéèkì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wo òkè, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Ó mọ̀ pé omi ti ń kún ojú irin báyìí. Ó dà bíi pé ó pẹ́ jù. Bí òun bá ṣì í ńkọ́?

Lẹ́yìn náà, ihò kìíní sọ omi jáde, ihò kejì sọ tirẹ̀, ó ń dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí bàtà Ó-Parí tó ń dán.

"Màmá!" ni Oníkéèkì ké. "Ṣé omi wọlé?"

"Omi wo?" ni Màmá dáhùn láti inú.

Ó-Parí pa hóòsì, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ihò méjèèjì. "Hóòsì kì í ṣe òjò," ó ní. "Òjò ní atẹ́gùn nínú. Ó pa…"

Kò parí. Mi ò ní kí ẹ gbà pé òjò gbọ́ ohun tó sọ. Mo kàn mọ̀ pé atẹ́gùn kan dìde láti ẹ̀yìn ilé, ó gbá ewé àti ọ̀rá kọjá lójú títì, ojú ọ̀run sì ṣú lójijì. Ó-Parí rántí pé ẹ̀yìn mọ́tò òun ṣí sílẹ̀. Ó sáré lọ tì í, ó há mọ́ ọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni òjò ti ká a mọ́. Òjò náà kì í ṣe kékeré. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀, ó ń na fèrèsé Màmá bí ẹni ń na ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Nígbà tó fi wọlé, omi ń ṣàn lára rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo wọn ti wà nínú yàrá. Wọ́n ń wo igun òkè, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Igun òkè gbẹ. Ìsàlẹ̀ gbẹ. Omi ń kún ojú irin, ó ń rí ọ̀nà rẹ̀ jáde, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dà síta lára ògiri. Òjò ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ìrọ̀rí Màmá gbẹ bí búrẹ́dì àná.

Ó-Parí mí kanlẹ̀, ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ̀dá, ẹ dúró!" ni Oníkéèkì pariwo. "Ẹ má fi omi ba bẹ́ẹ̀dì Màmá jẹ́!"

Ó dúró lóòró láàárín méjì, ó wo ara rẹ̀. Òun nìkan ni ohun tó tutù nínú yàrá náà. Télọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Màmá tẹ̀ lé e, Ó-Parí fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti mú ojú le, kò lè mú un le. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ ṣòkòtò, Télọ̀ sì fún un ní ti oníbàárà kan tó fẹ̀ jù ú lọ.

"Ìyàwó wa," ó ní, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí ṣòkòtò mú, "ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Fèrèsé ilé ìdáná ni, Bọ̀dá."

"Fèrèsé ilé ìwẹ̀ tèmi náà… ó ń ṣe bákan." Ó wo ilẹ̀. "Bí o bá ráyè."

"Màá wá. Ẹ kàn má jẹ́ kí ọkọ mi débẹ̀ ṣáájú mi."

Màmá nawọ́ sí àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Ìyàwó mi, gbé nǹkan yìí padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń dí mi lójú."

Oníkéèkì gbé e. Ó tì í wọ ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní tètè tó o, ó sì wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì níbi tó máa ń jókòó sí. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀.

Ó-Parí tún ọ̀fun ṣe. "Ṣé ẹ rí i, Màmá, ohun tí mò ń sọ látilẹ̀ ni pé…"

"Ó parí," ni Màmá wí.

Nígbà tí òjò dá, Màmá fa gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Títì ń dán, àwọn ènìyàn ti ń jáde. Bàbá oníbúrẹ́dì ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lórí búrẹ́dì. Ó rí mọ́tò Ó-Parí níwájú ilé, ó rọra gbójú sókè sí fèrèsé bí ẹni tí kò retí láti bá ẹnì kankan níbẹ̀.

"Màmá! Ẹ ò tíì lọ ni?"

"Lọ síbo?" ni Màmá dáhùn.